Iṣu Tí Mo Fi Wọn Irin Bákónì

Ohunkóhun tí ọmọ-ọmọ mi kò bá tíì gùn nígbà náà, kò tíì rí i ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti gun kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ti gun orí fíríìjì, ó sì ti gun ẹ̀yìn pásítọ̀ wọn níbi tí ìyẹn kúnlẹ̀ sí tó ń gbàdúrà lọ́wọ́. Bí ẹlòmíràn bá rí àga, ìjókòó ló rí. Bí ọmọ yìí bá rí àga, àtẹ̀gùn ló rí.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, pè mí lórí fóònù pé lọ́dún yìí gbogbo wa máa lọ lo ìsinmi ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó fún ọjọ́ mẹ́rin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

"Ṣé ó ní bákónì?"

"Dádì, mo kí yín, ẹ ò tíì dáhùn."

Mo dáhùn ìkíni. Mo béèrè ọkọ rẹ̀, mo béèrè ọmọ, mo béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ṣé ó ní bákónì?"

Àlàyé tó ṣe ni pé bí àwọn bá wá sí ilé wa ní Ìjàn-Èkìtì, ìyá òun kò ní sinmi, ìdí iná ni yóò wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òun fẹ́ kí ìyá òun jókòó, kí ẹlòmíràn máa gbé oúnjẹ wá fún un. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n Ìjàn àti Adó kò jìnnà síra rárá. Nígbà tí aládùúgbò wa gbọ́ pé a ń rìnrìn àjò ìsinmi, ó bi ìyàwó mi pé orílẹ̀-èdè wo ni. Ìyàwó mi ní Adó ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹ bá mi kí wọn lọ́hùn-ún o," ó wí. "Ẹ má gbàgbé pásípọ́ọ̀tù."

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe èmi ni mo dá ìbẹ̀rù bákónì sílẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ọmọ yìí ti fi àga gun ojú fèrèsé òkè nílé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni bàbá rẹ̀ rí gbá mú kó tó bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá ń wẹ̀, ọmọ á wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á máa pè é, kó lè mọ̀ pé ó wà. Mo mọ̀ pé kì í sùn dáadáa. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n mo kà lórí fóònù, mo lọ jókòó ti àwọn tó ń jó irin ní Fájuyì ní Adó, mo da ìbéèrè bò wọ́n títí ọ̀kan nínú wọn fi gbé ìbòjú rẹ̀ fún mi pé kí n kúkú wá jó o fúnra mi. Ní kúkúrú, ohun tí mo rí kọ́ nìyí: irin bákónì tó dúró lóòró, ọgbà ni, irin tó dùbúlẹ̀, àkàbà ni. Àyè tó wà láàárín irin kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì mẹ́rin lọ. Gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá íǹṣì méjìlélógójì. Ohunkóhun tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ì báà ṣe àga, tábìlì, ike omi tàbí báàgì, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin náà. Èyí tó sì dára jù ni pé kí èèyàn gba yàrá ìsàlẹ̀, kí gbogbo wàhálà yìí parí.

Nígbà tí wọ́n dé Ìjàn, tí a fẹ́ lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Dádì, mi ò fẹ́ ìwàásù. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa wọn nǹkan kiri lójú àwọn èèyàn. Àmọ́ mo fẹ́ gbìyànjú láti fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín fún wákàtí kan, kí èmi àti Mọ́mì jọ jáde. Ẹ ṣèlérí fún mi. Kí n bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀."

"O máa bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀," mo wí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni mo fẹnu mi sọ yẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyàwó mi gún iyán. Ọmọ ní òun náà á gún. Mo gbẹ́ ọmọ odó kékeré kan fún un, ó sì dúró ti ìyá àgbà rẹ̀, bí ìyẹn bá sọ tirẹ̀ kalẹ̀, á gbé tirẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ó ti fẹ́ sá lọ gun igi ìbẹ́pẹ. Ìyàwó mi dá a dúró.

"Padà wá síbí. Ẹni tó bá fi odó sílẹ̀ kí iyán tó kúnná, kò ní jẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nílé yìí."

Ojú ọmọ náà le bí ẹni tí wọ́n ka òfin ìlú fún. Ó padà. Láti ìgbà náà, bó bá ti gún un lẹ́ẹ̀mejì, á béèrè pé, "Ó ti kúnná?" Ìyá àgbà rẹ̀ á ní, "Ó ku kókó!" Á tún máa gún un lọ. Mi ò rí ohunkóhun tó dá ọmọ yẹn dúró sójú kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sùn. Mo fi téèpù wọn orí rẹ̀ níbi tó sùn sí: íǹṣì márùn-ún àbọ̀ láti etí dé etí. Mo wọ inú àká, mo ṣa iṣu wò títí mo fi rí èyí tó sanra tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú lo téèpù nìkan. Ìdáhùn mi ni pé téèpù a máa sọ iye, ṣùgbọ́n téèpù kì í ti nǹkan. Orí ọmọ a máa ti nǹkan. Iṣu náà a máa ti nǹkan.

Báyìí ni mo ṣe gbé iṣu kan ṣoṣo lápá wọ òtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọbìnrin tó jókòó ní ìdí káńtà kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó rí iṣu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í se oúnjẹ nínú yàrá o."

"Mi ò fẹ́ sè é."

"Tútù lẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Orí ọmọ yìí ni."

Ó wo iṣu, ó wo ọmọ, ó wo èmi.

"Mo ní ìwọ̀n orí rẹ̀ ni. Irin bákónì yín ni mo fẹ́ fi wọ̀n."

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Mọ́mì, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"O ò tíì rí nǹkan kan," ìyàwó mi dá a lóhùn. "Téèpù ṣì wà nínú báàgì."

Ọmọbìnrin náà ní kí a má bínú, ohun tójú àwọn ti rí ló fà á. Àlejò kan ti gbé odó wọlé rí, ó da aṣọ bò ó, ó ní àga ìyá òun ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán lókè, àwọn tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ rò pé ilé ń wó, ọ̀kan nínú wọn sá jáde tòun ti ọṣẹ lára. Láti ọjọ́ náà, máníjà ti ṣe òfin pé bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ bá gbọ́ pé wọ́n ń gúnyán nínú yàrá, kó fi ohun gbogbo sílẹ̀, kó sáré gòkè.

"Uyán ni tiwa níhìn-ín," ó wí tẹ̀dùntẹ̀dùn. "A kò lè ṣe kí a má gún un. Àmọ́ kì í ṣe nínú yàrá."

Mo ní kó fún wa ní yàrá ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti kún. Ó fún wa ní méjì lókè, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré dé bákónì kí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì sílẹ̀. Irin ibẹ̀ dúró lóòró, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rìndínlógójì, mo dín máàkì wọn kù. Mo wá ti iṣu sí àárín irin méjì. Mo rò pé yóò há. Kò há. Ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì di ìsàlẹ̀ gbì!

"Ta ló ju uṣu lù mí?" Ọkùnrin kan ló ń pariwo. Alásè òtẹ́ẹ̀lì ni, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni iṣu náà balẹ̀ sí.

Èmi tí mò ń pe ara mi ní onímọ̀ ààbò, mi ò kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ṣé kò bà á. Ó ní kò ba òun, ẹsẹ̀ méjì péré ló fi jìn sí òun. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi tọ́jú rẹ̀.

"Ẹ má yọnu," ó wí. "Ó ti dé ibi tó ń lọ."

Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bákónì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àyè tí iṣu náà gbà kọjá, ó sì ti fa ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pinpin.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ yàrá," ó wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Apá àtijọ́ ilé náà, tó kọjú sí títì, ló bọ́ sí. Iṣu kò sí mọ́, nítorí náà ìkúùkù mi ni mo lò. Kò wọ àárín irin. Téèpù ní íǹṣì mẹ́ta àbọ̀. Gíga rẹ̀, íǹṣì mẹ́tàlélógójì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko irin náà lẹ́nu. Síbẹ̀, mo kó àga rọ́bà méjèèjì àti tábìlì kúrò níta. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà nílẹ̀ bákónì níbẹ̀ ni mi ò lè gbé, wọ́n ti fi bóòtì kàn án mọ́lẹ̀. Mo wá mú okùn tí mo gbé láti Ìjàn, mo fi de ọwọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì bákónì mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ìdè tí bàbá mi fi ń de iṣu mọ́ igi nínú àká ni mo dè é. Ìdè yẹn, ẹ̀fúùfù kò lè tú u, ewúrẹ́ kò lè tú u.

"Dádì, ẹ ti sọ ìsinmi di ẹ̀wọ̀n," ọkọ ọmọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó dè é," ìyàwó mi dáhùn. "Bí kò bá de ilẹ̀kùn, èmi ló máa dè."

Ọjọ́ méjì kọjá wẹ́rẹ́. Ìyàwó mi jókòó, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ tán, òun fúnra rẹ̀ á ru àwo lọ sí ilé ìdáná, á sì dúró bá alásè ṣa ẹ̀fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ mi wò mí, ó wo ilẹ̀kùn tí mo dè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Èmi àti Mọ́mì fẹ́ lọ sí Ọjà Ọba. Wákàtí kan." Ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó fẹnu ko ọmọ lórí. Ó tún lọ, ó tún padà. Ìyàwó mi ló fà á lọ́wọ́ jáde. Láìpẹ́, ọkọ rẹ̀ náà ní òun fẹ́ lọ yẹ ọkọ̀ wò nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin dáadáa ni ọkọ ọmọ mi, kò sí ìwà rere tí kò ní, àfi pé kì í ti ilẹ̀kùn. Ó tì í díẹ̀, kò tì í tán. Mi ò kíyè sí i.

Ó ku èmi àti ọmọ. Ó ń to bàtà gbogbo wa sórí ara wọn, ó ń gùn ún. Mo jókòó, mò ń gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjìlélógún. Bí ọmọ bá dúró lórí rẹ̀, irin tó kù níwájú rẹ̀ kò ju íǹṣì mọ́kànlélógún lọ. Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe jìnnà sí irin tó? Mi ò wọ̀n ọ́n! Gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Mo tú okùn. Mo bọ́ síta pẹ̀lú téèpù, mo sì fa ilẹ̀kùn gíláàsì dé lẹ́yìn ara mi, kí ọmọ má baà tẹ̀ lé mi. Ìyẹn dára. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na téèpù. Mo gbọ́ "ká!"

Irin pélébé kan wà lára ilẹ̀kùn náà lápá ti inú yàrá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ọmọ-ọmọ mi ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ti rí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Gbé e sókè, ọkọ mi." Ó ju ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Mo tọ́ka sí irin náà. Òun náà tọ́ka sí imú mi. Fóònù mi wà lórí ibùsùn. Mo gbójú sókè díẹ̀, mo wá rí ohun tó burú jù: ilẹ̀kùn yàrá tó lọ sí ọ̀nà àtẹ̀gùn kò tì. Ó ṣí tó fífẹ̀ ọmọ. Àtẹ̀gùn náà jẹ́ mẹ́tàdínlógún, sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀, mo ti kà á.

Ọmọ náà wo ibi tí mò ń wò. Ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì.

Mi ò mọ ẹni tó fi sí mi lọ́kàn. Mo lu gíláàsì, mo pariwo, "Ta ni yóò bá mi gún iyán?" Mo pa ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó di ọmọ odó mú, mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀: "Kì!"

Ọmọ dúró.

"Kì! Èmi nìkan ni mò ń gún un o! Ẹnì kejì mi dà?"

Ó sáré padà. Ó dúró kọjú sí mi ní ìdí gíláàsì, ó gbé ọmọ odó tirẹ̀ tí kò sí, ó sì gún un. Mo gún tèmi. Ó gún tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan ó tún wo ilẹ̀kùn.

"Ó ti kúnná?" ó béèrè.

"Ó ku kókó! Ẹni tó bá fi odó sílẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní jẹ," ó wí, ó sì tẹra mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí títì. Ṣíńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló wà lára mi. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń dúró wò mí, nítorí mo gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ pé, "Ẹ wo bàbá yìí, uyán kí ni wọ́n ń gún nínú afẹ́fẹ́?" Ẹlòmíràn ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n gún ṣá. Ẹ wo ìbàdí wọn." Mi ò lè yíjú wò wọ́n. Bí mo bá mú ojú kúrò lára ọmọ yẹn, yóò lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀kadà kan ti dúró nísàlẹ̀.

"Tíṣà! Tíṣà wa ti Ìjàn! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà!"

Mo mọ ohùn náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni. Mo la ẹnu láti kígbe pé kó gbà mí. Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà, ohun tó jáde ni, "Kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Kì!"

"A dúpẹ́, sà. Ìyá ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà o. Kì!"

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Ọ̀kan nínú wọn ló tì mí mọ́ta!"

"A dúpẹ́, sà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpẹ́! Mo ní ó tì mí mọ́ta! Òun nìkan ló wà nínú yàrá! Sáré lọ sọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì!"

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mò ń lọ, sà. Ẹ kú ìdúró, sà."

"Lọ!"

Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń kí ara wa, ó ní láti kọ́kọ́ gbọn eruku àyà rẹ̀ nù. Nígbà tó sì dé ìdí káńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọbìnrin náà kú iṣẹ́. Kò tíì kí i tán tí obìnrin kan láti ojú títì fi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, bàbá kan mà ń gúnyán lórí bákónì yín."

Ọmọbìnrin náà kò dúró gbọ́ ìyókù. "Mo mọ̀!" ó wí. "Mo mọ̀ pé uṣu yẹn kò lọ lásán!" Ó sì sáré gòkè.

Èmi rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Apá mi ti ń ro mí, òógùn ń wọ ojú mi, ọmọ ti béèrè bóyá ó ti kúnná ní iye ìgbà tí mi ò lè kà mọ́. Mo rí ilẹ̀kùn tó ṣí gbàgà, ọmọbìnrin náà sì já wọlé bí ọlọ́pàá.

"Bàbá! Odó dà?" Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Níbo lẹ gbé odó sí?"

Ọmọ-ọmọ mi kò tilẹ̀ yíjú. "Má dá wa dúró," ó wí. "Ó ku kókó."

"Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ!" mo kígbe láti ìta. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn!"

Ó tì í. Mo jókòó lórí ẹ̀rọ amúlétutù yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mí délẹ̀ tí mo fi gbọ́ "Dádì?" láti ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ni. Ó ti ọjà dé, ó rí bàbá rẹ̀ nínú ṣíńgílẹ́ẹ̀tì lórí bákónì, ó rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó dúró, kò sì rí ọmọ rẹ̀. Mi ò gbàgbé ojú tó gbé sókè wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Ó wà nínú yàrá! Ó wà nínú yàrá!" ṣùgbọ́n ó ti sáré wọlé.

Nígbà tó dé òkè, ọmọbìnrin náà ti ṣí gíláàsì fún mi. Ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wò ó lórí, ó wò ó lápá, ó wò ó lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ohun tó ń sun ni pé wọ́n ti gbé òun kúrò ní ìdí odó nígbà tó ku kókó, òun kò sì ní jẹ mọ́.

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, látorí íǹṣì méjìlélógún títí dé orí "kì". Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọmọ mi sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Ó yá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gún un tán."

Gbogbo wa gún un. Ìyàwó mi sọ ẹrù ọjà kalẹ̀, ó gún un. Ọmọbìnrin ìdí káńtà, tí òfin ní kó wá dá wa dúró, gún un. Ọkọ ọmọ mi dé, ó rí wa, kò béèrè nǹkan kan, ó gún un. Mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ padà lọ ti ilẹ̀kùn. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ mi, ẹ̀rín náà sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti kúnná?" ọmọ béèrè.

"Ó ti kúnná," ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Iyán mi dà?"

Ọmọbìnrin náà ní kí a fún òun ní àyè díẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí a fi gbọ́ kì-kì-kì láti ẹ̀yìnkùlé ilé ìdáná, níbi tí òfin gbà á láyè. Alásè fúnra rẹ̀ ló gbé iyán náà gòkè.

"Bàbá, uṣu yín rè é o," ó wí. "Mo ti rò pé bó pẹ́ bó yá, ẹ ẹ́ béèrè rẹ̀."

Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, mo ti wọn irin pélébé yẹn. Íǹṣì mọ́kàndínlógójì ni láti ilẹ̀. Mo ní kí ọmọ na ọwọ́ sókè: íǹṣì méjìlélógójì. Gbogbo ohun tí ọmọ lè gùn ni mo wọ̀n, mi ò wọn ohun tó lè tì. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó dé ọ̀dọ̀ irin. Bí èmi nìkan bá sì wà pẹ̀lú ọmọ, mi ò ní í bọ́ sí bákónì, ì báà ṣe íǹṣì kan ló kù tí mi ò wọ̀n. Ìyàwó mi gé nínú okùn àká yẹn, ó fi so fóònù mọ́ mi lọ́rùn. Ìdè tó dè é, ewúrẹ́ kò lè tú u.

"Mo bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀," ọmọ mi wí fún mi. "Ẹ̀yin ni mi ò bá bí mo ṣe fi yín sílẹ̀, Dádì. Ẹ lọ wọ ẹ̀wù."

Mo wọ ẹ̀wù. Nígbà tí mo padà, ó ti na ara rẹ̀ sórí ibùsùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Mo fẹ́ sùn díẹ̀," ó wí. "Ẹ gbà á mú fún mi." Ojú rẹ̀ ti ń pa dé kó tó sọ ọ́ tán.

Mo gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ mi, mo gbé iyán síwájú wa. Ó fi ìka tẹ òkèlè rẹ̀ wò níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, ó sì rọra fà mí létí, kó má baà jí ìyá rẹ̀.

"Bàbá," ó wí, "ó ku kókó kan."